Àárọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Felísítè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lónìí, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun kan tí ojú mi rí. Tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí ọwọ́ mi fà. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ ìdajì rẹ̀.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni, ìgbà tí àwọn ológun ní àwọn fẹ́ tún ìlú tò, nígbà tí gbogbo wa ní Kútọnu ń pe ara wa ní kámárádì. Ọmọ Pobẹ̀ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mẹ̀tírì bí a ti ń pè é, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ekpè. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Onorè, akọ̀wé ní ilé ìtajà kan ní Ganhi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya eré kan sórí páálí.

Nínú eré yẹn, ìwọ ni ìjọba! Tó bá ti kàn ọ́, wàá gba èkùrọ́ mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ ni èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan. Mélòó ní yóò lọ sóko? Mélòó ní yóò la ọ̀nà? Mélòó ní yóò ṣe ológun, mélòó ní yóò lọ sílé ìwé? Oko ń mú oúnjẹ wá lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwé kì í mú nǹkan kan wá títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ta wá ni yóò fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀? Èmi ò fi ẹyọ kan síbẹ̀ rí. Oko ni mò ń kó wọn dà sí, mo sì ń borí ní gbogbo Sátidé! Onorè á máa rẹ́rìn-ín, á ní ìlú àwọn òpè tó yó ni mò ń kọ́. Mo rò pé ìlara ni.

Ó wá di ọdún kan, àṣẹ dé pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan máa dáko. Ọ̀gá wa fi mí ṣe alábòójútó. Wọ́n ní ilé ìwé tí àgbàdo rẹ̀ bá pọ̀ jù lágbègbè wa yóò gba ẹ̀bùn. Háà! Ẹ ò lè mọ bí inú mi ti dùn tó. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kúkú nìyẹn.

Àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ló lágbára jù. Àwọn náà ló fẹ́ ṣèdánwò sẹtifíkà. Àwọn ni mo kó lọ sóko, àárọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Felísítè wà lára wọn, ọmọ apẹja kan. Ká má purọ́, ọmọ náà mọ ìṣirò jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi létí ebè, ọkọ́ lọ́wọ́.

"Mẹ̀tírì, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la máa parí ìṣirò tó kù?"

"Tá a bá kórè tán."

"Ṣé ìdánwò ò ní ti kọjá?"

Mo ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwa la gba ẹ̀bùn! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọ̀gá wa dì mọ́ mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni èsì ìdánwò jáde. Àwọn tó yege ò pé márùn-ún. Felísítè ò sí lára wọn, bàbá rẹ̀ sì mú un kúrò nílé ìwé.

Mo lọ bẹ bàbá náà ní Ekpè. Felísítè wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja tí wọ́n ń yan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú!

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó tún kíláàsì náà ṣe. Ọmọ yìí ní làákàyè."

Bàbá wò mí. "Mẹ̀tírì, nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, kí lẹ fi ṣe? Àgbẹ̀ lẹ fi ṣe. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà ni, èmi náà níṣẹ́ tí yóò bá mi ṣe."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Bàbá, àṣẹ ìjọba ni."

Irọ́ ni! Àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ni àṣẹ wí. Èmi ni mo sọ ọ́ di mẹ́rin. Bàbá ò mọ̀wé, kò lè wádìí rẹ̀. Ó kàn mirí, ó ní bó bá jẹ́ ìjọba ni, ta ló tó bá ìjọba jà? Ó tiẹ̀ fún mi ní ẹja mú lọ sílé. Mo sì gbà á!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́ ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Oorun ló ń gbé e lọ lórí ìwé, àárẹ̀ ti mú un. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Mẹ̀tírì, ẹ ṣeun. Ẹ má ṣèyọnu mọ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó láyà láti padà lọ jẹ́wọ́. Bàbá ti kú. Felísítè ti bá ọkọ rẹ̀ lọ, àwọn ará àdúgbò ò sì mọ ibi tí wọ́n wà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí wọ́n bá fún ọ láṣẹ láti pín àkókò ẹlòmíràn, rántí pé òun ló ni ín. Bó o bá sì ṣì í pín, sọ fún un pé ìwọ ni. Má fi ìjọba bojú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa jọ kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.