Yàrá Ẹrù Bàbá Kẹ́mi

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi jẹun ní Mushin títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga tàbí ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ilé tó bá ti kún àkúnya, tí ọmọ ń fẹsẹ̀ kọ ìkòkò, tí ìyàwó ilé ò ríbi gbé abọ́ sí, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Mo lè kan pẹpẹ sókè ẹnu ọ̀nà, mo lè sọ abẹ́ àtẹ̀gùn di ibi ìkó-bàtà-sí, mo sì lè mú kí ọmọ mẹ́rin sùn síbi tí méjì ti ń jà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé onílé ni mo ń tún ṣe, tiwa rèé bí ọjà. Òótọ́ ló sọ, mi ò bá a jiyàn.

Bàbá Súlè, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn yàrá tí ẹrù kún inú rẹ̀. "Kó gbogbo ẹ̀ síta ná," ni yóò wí. "Ẹrù a máa tan ojú jẹ. Tó bá wà nínú oòrùn, wàá mọ èyí tí wọ́n ń lò àti èyí tó kàn jókòó." Mo ti fi òfin yìí ṣiṣẹ́ tipẹ́, kò sì já mi kulẹ̀ rí, àfi nínú ilé kan ní Ìpọ̀nrí.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Màmá Kẹ́mi ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀, Bàbá Kẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ni wọ́n háyà ní Ìpọ̀nrí. Ọmọ wọn pọ̀, àwọn ìbátan tó ń wáṣẹ́ tún kún un, síbẹ̀ yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn nítorí ẹrù. Wọ́n sì fẹ́ mú ìyá Bàbá Kẹ́mi wá láti ilé, torí pé ojú ìyá náà ti ń ṣú.

"Bọ̀dá Ràṣídì, ẹ bá mi tún yàrá yẹn ṣe kí Ìyá tó dé," ó ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Tí wọn ò bá ríbi sùn, wọ́n á ní àwọn ń padà sílé, kò sì sẹ́ni tó máa wò wọ́n níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìyàwó tó ń sáré wá àyè fún ìyá ọkọ, mi ò rí púpọ̀ nínú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí yàrá náà fún mi. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n fi okùn dì. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ wà, wọ́n to abọ́ tánganran léra wọn, àpótí onírin sì kún ilẹ̀. Mo bèèrè ẹni tó ni wọ́n.

"Ti Bọ̀dá Àkànní ni, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kẹ́mi," ó ní. "Gáná ni wọ́n ti ń ṣòwò. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ, wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọdún ti gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò tíì fojú kàn án.

Mo ṣe bí Bàbá Súlè ti kọ́ mi. Mo kó gbogbo ẹrù náà sí àgbàlá, mo tò wọ́n dáadáa, mo sì padà wọlé láti wọn ògiri. Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Wálé, aládùúgbò wọn, fi ti ọjà dé. Ó wo ẹrù, ó sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó tú gèlè, ó fi gbàjá.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá Kẹ́mi. Ìgbà wo lẹ gbọ́?"

Mo sáré jáde sí àgbàlá. Àṣé Bàbá Kẹ́mi ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn wa, ó sì ti gbọ́.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò yẹ kó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹni tó ni ẹrù ò bá sí nílé, òkú nìkan ni ẹbí ń kó ẹrù rẹ̀ sí gbangba àgbàlá, kí wọ́n lè pín in. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Kẹ́mi. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri.

"Ọ̀gá Ràṣídì, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi kú?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo kàn fẹ́ wọn yàrá ni."

"Ẹ bá mi kó o padà."

Òun fúnra rẹ̀ bá mi kó o, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó gbá orí ẹ̀rọ náà mọ́ra bí ọmọ tó sùn. Nígbà tí a parí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa lọ. Ojú tì mí, àánú Màmá Kẹ́mi sì tún ṣe mí, torí Ìyá ti múra ọ̀nà.

Ìyá dé lóòótọ́. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí, láàárín àwọn ọmọ. Kò pẹ́ tó fi kọsẹ̀ lára abọ́ tí ẹnìkan gbàgbé sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Àwọn ará ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá pè mí.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹrù, Bàbá Kẹ́mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni káfíńtà tó kó ẹrù ọmọ mi síta?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ foríjì mí."

"Dìde. Wọ́n ní o mọ àyè wá." Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìdòwú, ta ló ni ẹrù yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Ta ló bí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Bàbá Kẹ́mi wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi ò tíì gbọ́ pé ó kú, nítorí náà a ò ní pín nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a lè máa lò ó dè é. Ẹ to bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi fún mi."

Lọ́jọ́ náà, ẹrù kankan ò jáde. Inú yàrá ni mo ti ń sún wọn láti ògiri dé ògiri. Bàbá Súlè ì bá pòṣé tó bá rí mi. Mo kan pẹpẹ yí yàrá ká lókè, àwọn àpótí àti abọ́ gorí rẹ̀, orí ẹ̀rọ ìránṣọ sì bọ́ sábẹ́ fèrèsé. Nígbà tó kan bẹ́ẹ̀dì, Bàbá Kẹ́mi ò jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ gé okùn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló di kókó wọ̀nyẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú wọn níkọ̀ọ̀kan, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn. Kòkòrò ti jẹ pákó tí wọ́n ń tẹ́ sórí irin bẹ́ẹ̀dì náà, mo gé tuntun, mo fá a kó dán.

Mo ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ kọ̀rọ̀ ògiri, níbi tí gbogbo káfíńtà tó gbọ́n á tì í sí. Ìyá dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ títí ó fi kan ògiri.

"Sún un kúrò níbí, ọmọ mi. Fi àyè ẹní kan sílẹ̀."

"Ìyá, yàrá á há o," mo ní.

"Jẹ́ kó há. Tí Àkànní bá dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ na ẹ̀yìn."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò fi àyè ṣòfò nínú ilé ẹnikẹ́ni rí. Mo sún bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Kẹ́mi mú ẹní wá, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Mo rò pé yóò ní ó tó bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá Ràṣídì," ó ní, "ẹ tún bá mi sún un díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi sanra."