Ìlà Tó Wọ́ Lórí Pákó

Yàrá kan péré la ní ní Jikwoyi nígbà yẹn. Ọkọ mi ń ṣe káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olú-ìlú tuntun. Èmi ńkọ́? Mo jókòó sílé ni. Mi ò gbọdọ̀ ṣòwò, mi ò gbọdọ̀ dé Nyanya láìtọrọ àyè, ó ní a ò mọ ẹni lájò. Inú ń bí mi débi pé ojú ògiri sú mi.

Jọ́gíráfì nìkan ló kù nínú ìdánwò tí ì bá sọ mí di tíṣà. Suleja ni wọ́n ti máa ṣe é. Mo bẹ ọkọ mi títí, ló bá ní bí mo bá lè fi ohun kan ṣoṣo nínú ìwé jọ́gíráfì mi han òun tó fi yé òun, kí n máa lọ. Ó dá a lójú pé mi ò ní lè ṣe é.

Èyí tó le jù ni mo mú: pé ayé ń yí, yíyí rẹ̀ sì ń mú ohun tó bá ń lọ jìnnà yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo ní ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ tó ti àríwá gbéra fi ń gba ìhà ìlà-oòrùn yọ sí wa. Ó ní irọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ní kó fi ìṣó kan pákó róbótó kan láàárín mọ́ tábìlì, kó má le jù, kó lè máa yí. Èmi ń yí i sí òsì, òun di rúlà mú lójú kan lókè rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì falà láti àárín bọ́ sétí. Ìlà náà wọ́ sí ọ̀tún. Ó ní èmi ni mo gbọn òun lọ́wọ́. Ó tún un fà nígbà mẹ́rin, ọkùnrin tí ìlà rẹ̀ kì í yẹ̀ níbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ bíi dòjé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti ń to aṣọ sí báàgì lọ́kàn mi.

“Ó yé mi,” ló wí. “Ọwọ́ mi ò yà, rúlà ò yà, síbẹ̀ ìlà yà.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìwọ náà á gbéra níbí tààrà, o ò sì ní mọ ìgbà tí wàá yà. Jókòó sílé.”

“Ṣebí ẹ ti ṣèlérí.”

Ó ní torí pé ó yé òun náà ni òun ṣe ní kí n má lọ.

Ẹnu àparò níí pa àparò. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ọkọ̀ Nyanya tí ǹ bá wọ̀ lọ fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa, ó dúró díẹ̀, ó lọ. Mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, mò ń sunkún.