Iná Kékeré Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bí mo bá gbóòórùn dísẹ̀lì, ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí. Mo ń tòògbé lẹ́yìn ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ tó ń lo dísẹ̀lì, tí bàbá mi ń wà lójoojúmọ́, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Lapaz, nílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí ọkùnrin àjèjì kan wọ inú ọkọ̀ náà, tó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí Bàbá bá yí kọ́kọ́rọ́, iná kékeré kan á tàn níwájú rẹ̀. Yóò ka Fátíhà títí iná náà á fi kú, kó tó mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà kò dúró kí iná náà kú. Ẹ́ńjìnnì kọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi.

Ó fi Twi, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, bi mí pé, “Ọmọ Alata, báwo ni bàbá rẹ ṣe ń ṣe é?” Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

“Ẹ kọ́kọ́ ka Fátíhà.”

Ó gbá mi létí. “Èmi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bàbá kàn ń dúró kí ẹ́ńjìnnì gbóná ni.

Bàbá figbe ta láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí ọkùnrin náà ṣe ń sá jáde, ó sọ fún mi pé, “Mo ti mojú ẹ. Màá padà wá.”

Fún oṣù mélòó kan, n kò kúrò lẹ́yìn ìyá mi. Lọ́jọ́ kan, Bàbá wọlé, ó jókòó láìbọ́ bàtà.

“Má bẹ̀rù mọ́. Mo fojú ara mi rí òkú ọkùnrin yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in.