Ọ̀bọ Tí Mo Ní Kó Má Mí

Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, àyà èèyàn ni mò ń fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán inú ẹ̀, mi ò ya ti ẹranko rí. Nígbà tí dókítà ẹranko kan, obìnrin tó jù mí lọ dáadáa, wá bẹ̀ wá pé ká bá òun wọn ọkàn àwọn ọ̀bọ inú igbó etí ọ̀sà, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Ṣekárími ni.

Ọ̀bọ àkọ́kọ́ ti gba abẹ́rẹ́, ó ti sùn fọnfọn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo bọ́ sẹ́yìn ògiri bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ké jáde pé, "Ẹ mí sínú, ẹ má mí síta o!" Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rín pa dókítà. "Àbúrò, ọ̀bọ lo ní kó má mí? O tiẹ̀ tún ń bọ̀wọ̀ fún un!"

Àwòrán jáde, ọkàn ọ̀bọ fẹ̀ gan-an. Mo fẹ àyà bí ọ̀gá: "Ó ti tóbi jù, mà. Àìsàn ni." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní padà sígbó mọ́, inú àhámọ́ ló máa kú sí. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á kàn máa wá a kiri ni."

Mo tún àwòrán náà wò. Ẹ̀dọ̀fóró ò kún, egungun ìhà fún pọ̀. Ìgbà tó mí síta ni mo ya àwòrán ẹ̀, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí ọkàn dà bíi pé ó tóbi. Mo pàṣẹ fún ẹni tó sùn, mo sì gbà pé ó gbọ́. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì í."

Kò bú mi. Ó kàn gbé ọ̀bọ náà padà sórí tábìlì.

A tún un yà. Ikùn ẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ láti ojú gíláàsì ara ògiri títí tó fi wú, kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Ọkàn ẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n dá a padà sígbó nírọ̀lẹ́.

Ní Mọ́ńdè, bàbá arúgbó kan wá láti Èbúté Mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n mí sínú, èjìká wọn ò gbéra. Mi ò tẹ bọ́tìnnì, mo dúró. Bàbá ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Mo jáde lọ bá wọn. "Rárá, Bàbá. Mo ti ní kẹ́ ẹ mí sínú, ẹ ò gbọ́ mi ni."

"Ta ló ń gbọ́ ẹ láti ẹ̀yìn ògiri?"

Gbogbo èèyàn tí mo ti ya àwòrán wọn láti ẹ̀yìn ògiri yẹn, láìwo bóyá wọ́n gbọ́ mi, ló wá sí mi lọ́kàn.