Aṣọ Ìyá Mi Kò Tíì Gun Kẹ̀kẹ́

Wọ́n ti ère ilé wa mọ́ inú sítọ́ọ̀ kan ní Ìláròó, wọn kò sì jẹ́ kí a kùn ún.

Mo mọ̀ pé ẹni tí kò dàgbà lọ́dọ̀ wa yóò ní kí ló burú nínú ìyẹn, ṣebí wọ́n ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni. Ohun tí àwọn tó wá gbé e náà sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi "ẹ ṣe sùúrù" pa wá lẹ́nu mọ́.

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń gbé lérí jó. Agbolé àwọn ìyá mi ló ni ín, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Jọ́gà-Orílé, níbi tí mo dàgbà sí. Ojú obìnrin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lókè orí obìnrin náà, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́, obìnrin mìíràn jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá adìẹ kan mọ́ra. Bàbá tó bí ìyá mi ló gbẹ́ ẹ, láyé ìgbà tí ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ ọjà ń retí kí gbogbo ọjà yíjú wò ó.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ kì í ṣe òpin iṣẹ́. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti ń ṣú, tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ti ń sún mọ́lé, a máa ń tún ère náà kùn. Aṣọ tó wà lára obìnrin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà. Obìnrin agbolé wa tó bá kú láàárín ọdún, aṣọ tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé òun ló jogún iṣẹ́ kíkùn, á ní kí àwọn ọmọ olóògbé mú aṣọ tí ìyá wọn fẹ́ràn jù wá. Á tẹ́ ẹ sórí ẹní, á wò ó títí, á wá fi ọ̀dà ya irú rẹ̀ sára ère. Lọ́jọ́ ọdún, olóògbé á gun kẹ̀kẹ́ yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa ké pè é pé, "Màmá, ẹ di adìẹ yín mú o." Ẹni tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ti gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí ti gba tirẹ̀, sàréè sì ti gbẹ tipẹ́. Síbẹ̀, nílé wa, ìgbà tí obìnrin bá gun kẹ̀kẹ́ tán la tó gbà pé ó ti lọ.

Bí ẹni méjì bá kú lọ́dún kan, wọ́n á pín in. Mo rántí ọdún tí ìyálé àti ìyàwó kan, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jọ lọ. Ìró jẹ́ ti ìyálé, gèlè jẹ́ ti ìyàwó. Bí ère ṣe jáde síta, obìnrin kan láàárín èrò ní, "Ẹ wá wò wọ́n, wọ́n ti padà ń jùmọ̀ wọ ọkọ̀ kan náà." Àwọn ọmọ ìyálé rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ìyàwó rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ìjà agbolé yẹn sì parí sí.

Ọjọ́ kíkùn gan-an ni mo máa ń rántí jù. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á kọ́kọ́ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ ère náà bí ẹni wẹ ọmọ, á da omi sí i létí, á nu abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Orín tó ti rún lẹ́nu ló fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Láti òdìkejì bodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ló ti ń ra ọ̀dà pupa, nítorí náà "rúùjù" ló ń pè é bí àwọn tó tà á fún un ṣe ń pè é, àwa ọmọdé sì gbà pé orúkọ pupa ní èdè àwọn akunlé nìyẹn. Búlúù tí ìyá mi ń fi sínú omi aṣọ funfun ilé ìwé wa ló ń pò mọ́ ẹfun. Tí ọdún bá ti sún mọ́, a ó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ sílé ìwé, tíṣà á ní, "Ẹ̀yin ará ilé ère, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Àwọn obìnrin kì í jẹ́ kó kùn ún ní àlàáfíà.

"Bàbá, búlúù ìyá wa kọ́ nìyẹn. Ti ìyá wa mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìyá yín fọ tirẹ̀ ṣá ni. Tuntun rẹ̀ ni mo ń kùn."

"Ìgbà wo lẹ rí tuntun rẹ̀?"

"Ìgbà tí mo fẹ́ fẹ́ ẹ, tó ní òun ò fẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ríran."

Ìyá mi ti yan tirẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní àǹkárá aláwọ̀ ọsàn kan, tí ọ̀wọ́ lékeléke funfun ń fò lọ lára rẹ̀. Ìyẹn ló wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè ní yunifásítì, ìyẹn náà ló sì ń wọ̀ lọ sọ́jà Ayétòrò tó bá fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀ láti òkèèrè. Á nà án síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, á ní, "Èyí ni tèmi o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kun aṣọ ọ̀fọ̀ fún mi."

"Ta ló fẹ́ ya gbogbo ẹyẹ yìí? Tètè kú nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹ́pẹ́yẹ ni wàá bá lára aṣọ rẹ."

"Ẹ ó yà á. Tí mo bá rí pẹ́pẹ́yẹ, mo máa sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe nìyẹn lọ́dọọdún, tí àwa yòókù á máa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé láti Ìláròó, pẹ̀lú ọkọ̀ àti aṣọ ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn olè ń jí ère ká, wọ́n ń gbé e gba bodè kọjá, àwọn sì fẹ́ kó àwọn tó ti pẹ́ síbi tí ọwọ́ olè kò ti ní í tó o. Irọ́ kọ́ ni, olè ń bẹ. Àwọn àgbà béèrè pé tí ọdún bá dé ńkọ́. Wọ́n dáhùn lójú gbogbo wa pé, "Ẹ máa wá gbé e, ẹ máa lò ó, ẹ máa dá a padà." Wọ́n fi tìmùtìmù wé e, wọ́n sì gbé e lọ. Aṣọ ìyá tó ń ta kẹrosíìnì ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, dúdú pẹ̀lú òdòdó pupa.

Aṣọ yẹn ló ṣì wà lára rẹ̀ di òní. Nígbà tí ọdún dé, a lọ gbé e. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ní ère náà kò ní í jáde mọ́, kò gbọdọ̀ fojú kan omi, kò gbọdọ̀ fojú kan ọ̀dà, nítorí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi í pé, "Ìṣẹ̀ǹbáyé ta ni?" Ọkùnrin náà ní kí bàbá má bínú, òun kọ́ lòun ṣòfin. Láti ìgbà náà, gbogbo obìnrin tó kú nílé wa ló ń tò sẹ́yìn ìyá oníkẹrosíìnì. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi bọ́ sí ìdí ìlà náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Mẹ́bọ́ọ̀nù ní Ọsirélíà, ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Kò rí àyè wá síbi ìsìnkú. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, ó ní kí a lọ wo ilé iṣẹ́ ọnà, nítorí n kò yéé fajú ro sí fèrèsé rẹ̀.

Ti iṣẹ́ ìgbàlódé la kọ́kọ́ wọ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju iná kan tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn. Àwọn èèyàn dúró wò ó bí ẹni wà níwájú pẹpẹ.

Àbúrò mi sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tújú ká. Iṣẹ́ ọnà ni."

"Mo gbọ́. Nílé, oníná là bá ti pè."

Ó rẹ́rìn-ín débi tí a fi ní láti jáde.

Ibi tí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ sí, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, la wọ̀ tẹ̀ lé e. Àkọlé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kìlọ̀ fún àwọn ẹbí pé àwòrán àwọn tó ti kú lè wà nínú ilé, kí wọ́n mú ọkàn le. Mo dúró kà á, mo tún un kà. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé ìjọba láyé mi, n kò rí èyí tó ro ti ọmọ olókùú rí.

Nínú, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n yà sára èèpo igi gbọọrọ. Ẹfun rẹ̀ ti ṣá, ìlà rẹ̀ ń parẹ́ lọ. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ère tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣá, ilé tó ni ín ló ti kú tán, kò ku ẹni tí yóò kùn ún. Ìyá kan tó ti hewú dúró nítòsí pẹ̀lú káàdì òṣìṣẹ́ lọ́rùn, ọmọ onílẹ̀ lòun náà. Mo súnmọ́ ọn, mo tẹrí ba, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì kí i kú àṣẹ̀yìndè.

Ó wò mí. "Ta ló kú?"

"Ilé tó ni èyí," ni mo wí. "Mo rí i pé kò sí ẹni tó kùn ún mọ́."

Àbúrò mi já mi léèékánná. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìlú tèmi kọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n wà láyé. Wọ́n wá síbí, wọ́n jókòó tì í. A bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ní rárá, kí a jẹ́ kó máa ṣá lọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún tiwọn kùn, a sì ṣílẹ̀kùn fún wọn."

"Ẹ bi wọ́n?"

"A bi wọ́n."

Mo ní ìgbà wo ni wọ́n ti ń bi wọ́n. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú. "Kò tíì pẹ́. Àwọn ìyá wa kọ́kọ́ béèrè títí ó fi sú àwọn tó ń gbọ́. Ẹ má rò pé wọ́n ṣàdédé fún wa."

Mo bá sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fún un. Ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, ó wá bi mí pé, "Adìẹ náà ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń pààrọ̀ àwọ̀ tirẹ̀?"

"Rárá, funfun ni adìẹ wa láti ìbẹ̀rẹ̀." Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ sí Ìláròó, kò sí òṣìṣẹ́ kan tó béèrè ohunkóhun nípa adìẹ yẹn rí.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, àbúrò mi gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó ṣí i, ó yọ ègé àǹkárá kan tí mo mọ̀ dáadáa, lékeléke kan àti ààbọ̀ wà lára rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e ránṣẹ́ sí mi," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé bí mi ò tiẹ̀ débi ìsìnkú, mo máa dé lọ́jọ́ tí Màmá bá gun kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ wo ni kí n tọrọ ààyè níbi iṣẹ́?"

Mo ní kó dúró ná, pé tí mo bá délé, màá dá ọjọ́ fún un.

Nígbà tí mo padà délé, ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ojú kan sì ti ń ṣú lọ. Ó ń fi èédú àti ẹfun ya lékeléke sára ògiri. Eruku àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ tó ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ìbèṣè a máa bò wọ́n mọ́lẹ̀, á nù ún, á tún wọn yà.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń dán ọwọ́ wò ni. Mo ti ṣèlérí fún un pé kò ní í jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ sọ lójú gbogbo ilé pé a ó máa gbé e lọ́dọọdún. Ta ló yí ọ̀rọ̀ yẹn padà? Èwo nínú wa lẹ bi kẹ́ ẹ tó yí i padà? Ère tí a ń pààrọ̀ aṣọ fún lọ́dọọdún, ta ló sọ fún yín pé aṣọ tẹ́ ẹ bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e ni aṣọ rẹ̀ títí ayé? Òjò ti ń ṣú. Àbúrò mi ń dúró de ọjọ́ tí màá dá fún un, bàbá sì ṣì lè ya lékeléke tó fò. Ọjọ́ wo lẹ máa ṣílẹ̀kùn? Ẹ dá wa lóhùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbà á.