Àwọn Tó Bá Wa Ti Ọkọ̀ Lọ́nà Òrò-Àgọ́

Ẹ sún mọ́ mi, n kò fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó lọ bi àna mi. Olùkọ́ ni, kì í purọ́, kódà níbi tí irọ́ kékeré ì bá ti yọ ọ́. Ìṣojú mi ló ṣe, oòrùn sì wà lókè.

Awakọ̀ akẹ́rù ni mí. Ọkọ̀ mi ti pẹ́ láyé. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Iṣu ni mo máa ń kó láti agbègbè Òrò-Àgọ́ wá sí Òmù-Àrán. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹrù mi ò ju ìdajì lọ nígbà tí ọkọ Fúnmi àbúrò mi, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Tísà, sáré yọ sí mi, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lófìfo.

"Bọ̀ọ̀dá, Fúnmi ti ń rọbí!"

Kò sí ọkọ̀ mìíràn lábúlé. Ọ̀kadà ńkọ́? Kòtò ojú ọ̀nà yẹn á ti gbẹ̀bí fún un kó tó dé ọsibítù ní Òmù-Àrán. La bá gbé Fúnmi sí iwájú lọ́dọ̀ mi, Tísà sì fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

A ò tíì jìnnà tí iná pupa fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tó ń sọ. Alitanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára, ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù ni. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, kò tún nílò bátìrì mọ́. A ò ṣáà gbọdọ̀ jẹ́ kó kú, torí bátìrì arúgbó tí mo ní ò lè jí i.

"Kí ni iná yẹn?" Fúnmi bèèrè.

"Ó ń kí ọ kú ewu ọmọ sílẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ki èékánná bọ apá mi.

A kọjá afárá tóóró kan, la bá já lu màlúù. Wọ́n kún ojú ọ̀nà, wọn ò sì kánjú. Mo tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́! Kò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó pe darandaran, ó ti bá màlúù rẹ̀ wọgbó lọ.

Ahoro ni ibẹ̀, abúlé àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó kúrò. Igi ọsàn àti ògiri alámọ̀ tó ti wó nìkan ló kù. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ lè bá yí lọ fúnra rẹ̀. Fúnmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

"Ẹ di sitẹ́ẹ̀rìn mú," Tísà wí. "Màá tì í."

"Tísà, ọkọ̀ akẹ́rù mà ni, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

"Kí la tún fẹ́ ṣe?"

Ó bọ́ sílẹ̀. Mo ki jíà, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, mo ń retí kó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mì. Ó sún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó tiẹ̀ ń yára! Mo wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́.

Ha! Ẹ̀yin ará!

Àwọn ọkùnrin ni, wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, aṣọ oko tó ti gbó ni wọ́n wọ̀. Wọ́n fi èjìká ti ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà ketekete. Àmọ́ eruku bo ojú wọn, atẹ́gùn ń fẹ́, eruku náà ò kúrò. Ẹsẹ̀ Tísà ń tú ilẹ̀ bó ṣe ń tì. Ẹsẹ̀ tiwọn ò tú nǹkan kan.

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Tísà sáré fò wọlé, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn! Ará ibo ni wọ́n?"

Mo tún wo gíláàsì. Ojú ọ̀nà ṣófo.

"Wọ́n tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi rọ̀ bíi ti ìyàwó tuntun. Ọ̀kan ní òun náà ń lọ sí Òmù, ṣé ààyè wà lẹ́yìn. Mo ní kó gòkè."

"O ní kó ṣe kí ni?" Mo rọra sọ ọ́, kí Fúnmi má baà gbọ́.

"Ṣebí ó bá wa ti ọkọ̀."

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?"

Tísà yíjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Iṣu ń dún lẹ́yìn wa bí ẹni pé ẹnì kan ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Tísà ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ahọ́n. Orin ọdún Kérésì ni, a ò sì tíì dé Kérésì. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọrùn mi gan bí igi.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a wọ Òmù-Àrán. Bí a ṣe ń dé kọ́nà kan, ká tó dé ọsibítù, ẹnì kan gbá ara ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, gbà-gbà, bí èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Èmi àti Tísà wo ara wa. Mo dín eré kù, n kò jẹ́ dúró. Mo mọ ọkọ̀ mi, ẹ gbà mí gbọ́. Ó fúyẹ́ díẹ̀.

Fúnmi bí wẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Obìnrin ni. Títílayọ̀ ni Tísà sọ ọ́. Mo ní kó yí ohùn rẹ̀ padà, kó máa pè é ní Títìlayọ̀, torí títì la ti ọkọ̀ kí ayọ̀ tó dé. A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi lé wa jáde.

Rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, bá mi fi alitanétọ̀ tòkunbọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo gòkè lọ wo ẹrù, mo rí àyè kan láàárín iṣu, wọ́n to iṣu yí i ká dáadáa, ó sì fẹ̀ tó ìdí ènìyàn.

Mo bi bàbá arúgbó kan tó mọ ahoro yẹn léèrè. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn àlejò gan-an nígbà ayé wọn. Mo wá bi í pé ta ni wọ́n ní ní Òmù-Àrán. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ òjò.

Títí di òní, n kò mọ ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní kọ́nà yẹn, n kò sì mọ ilé tó wọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá kú lọ́nà yẹn, tí ẹ sì rí olùrànlọ́wọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ bá wọn ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bèèrè ààyè, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ojú, ẹ ní ọkọ̀ ti kún.