Fakáńsì Tá A Lọ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá kúrò n'Éjìgbò, ó nídìí. Ó ń lọ síbi ìsìnkú ni, tàbí ìsọmọlórúkọ, tàbí ó fẹ́ ra ọjà, tàbí ó ń padà sí Abíjàn níbi tó ti ń ṣòwò. Pé kéèyàn wọ mọ́tò torí ó fẹ́ lọ wo òkè, kó tún wọ mọ́tò padà wálé, ẹ̀yin tá a jọ dàgbà nígbà yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ọ rí? Èmi ò gbọ́ ọ rí. Àǹtí Abíjàn ló mú un wá bá wa.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Abíjàn. Múnírà lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ìyá mi ò jẹ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, torí àbúrò ọkọ ni wọ́n. "Ìbàdí Àrán" ni ìyá mi ń pè wọ́n. Ọjà aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, tí Iléyá bá ti ń bọ̀ wọn á wálé pẹ̀lú bisikíìtì àti ọṣẹ tó ń ta sánsán. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, wọ́n ní ó rẹ àwọn, pé níbi táwọn wà, tó bá ti rẹ èèyàn, fakáńsì ló máa ń lọ.

Ìyá mi ní, "Kí ni fakáńsì?"

"Kéèyàn lọ síbi tí òkè wà, tí atẹ́gùn wà, tí omi wà. Á jókòó. Á jẹun. Á máa wo ibẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á padà wálé."

Ìyá mi wò wọ́n títí. "Ìbàdí Àrán, ara yín yá ṣá?"

Abíjàn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti sọ fún Àǹtí pé omi kan ń já látorí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele lórí ìpele, àti pé téèyàn bá dúró lábẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Ẹ ṣáà mọ Èjìgbò wa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́ títí dé Ìsúndúnrin. Òkè tó ga jù tí mo mọ̀ ni òkìtì yanrìn tí wọ́n dà síwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò wa, a máa ń yọ̀ ṣeré lórí ẹ̀, wọn á sì nà wá. Bí mo ṣe gbọ́ pé omi ń já látòkè, kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Mo lọ ròyìn nílé kéwú. Ọ̀rẹ́ mi Rámọ́tà ní, "Omi tó ń já látòkè. Ta ló ń pọn ọ́n lọ síbẹ̀?"

Gbogbo ilé kéwú bú sẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń tètè bí, kò sì tíì yí padà títí di ìsìnyí. Mo gbé wàláà sókè kí n là á mọ́ ọn lórí, Àfáà rí mi, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti búra fún Rámọ́tà pé màá bu omi yẹn wá fún un nínú ike. Ó ní òun ń retí mi. Gbogbo wọn náà ní àwọn ń retí mi.

Ó wá ku bàbá mi. Dírẹ́bà ni bàbá mi, bọ́ọ̀sì wọn ni wọ́n fi ń ná Ẹdẹ àti Òṣogbo. Tí wọn ò bá gbà, ìrìn ò sí. Àǹtí ṣàlàyé, wọ́n ṣàlàyé, bàbá mi jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnì kankan, Bùrọ̀dá. Omi la fẹ́ lọ wò."

"Mo gbọ́. Ta la mọ̀ níbẹ̀? Tá a bá débẹ̀ tí wọ́n ní ta lẹ wá kí, ṣé ká ní òkúta la wá kí?"

Bí ètò náà ṣe dúró sójú kan nìyẹn. Àǹtí ń bínú, èmi náà ń bínú. Ọjọ́ ń lọ, Rámọ́tà sì ń bi mí léèrè lójoojúmọ́ pé ike mi dà. Àfìgbà tí ìyá mi ń ran aṣọ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n kàn dá ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró, wọ́n ní ṣebí Ìyá Bọ́sẹ̀ táwọn jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, Ẹ̀rìn ló fẹ́ ọkọ sí. Inú bàbá mi dùn bíi pé àwọn ló bí Ìyá Bọ́sẹ̀. Wọ́n rán dírẹ́bà tó ń lọ sí Iléṣà níṣẹ́, ìyẹn náà rán ẹlòmíì, èsì sì padà dé gáréèjì wa pé ká máa bọ̀.

Àtìgbà yẹn, bàbá mi ló gba ètò náà mọ́ Àǹtí lọ́wọ́. Wọ́n di iṣu. Wọ́n di láfún. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan, wọ́n so àkùkọ lẹ́sẹ̀.

Àǹtí ní, "Bùrọ̀dá, fakáńsì là ń lọ o. Ẹ̀ ń di ẹrù bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó."

"Ṣé ọwọ́ lásán lo máa gbé wọ ilé onílé?"

Ẹrù ti Àǹtí ò ju abọ́ ńlá kan lọ. Asẹ́kẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n fi ooru sè, tí àwọn ará Abíjàn fẹ́ràn, pẹ̀lú ẹja díndín àti tòmátì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi létí omi.

A gbéra láàárọ̀. Àǹtí wọ ṣòkòtò, wọ́n dé fìlà etí gbòòrò, wọ́n fi awò dúdú sójú. Ẹsẹ̀ mi wà lórí iṣu, àkùkọ wà lórí ẹsẹ̀ mi, ike mi wà láyà. Bá a ṣe kọjá Iléṣà báyìí ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, igi bò wọ́n, kùrukùru wà lórí wọn. Mo na ọrùn síta lójú wíńdò, mo ń kà wọ́n.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ti dúró síta, wọ́n fi orúkọ mi pe ìyá mi. "Ìyá Sẹ̀kínà! Ṣé ojú rẹ rèé? Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Bọ́sẹ̀, bomi wá fún wọn!"

Èmi ò fẹ́ jókòó, mi ò sì fẹ́ omi. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé téèyàn bá ti mumi nílé onílé, ó di àlejò nìyẹn, kò lè dìde mọ́. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ìyá mi wò mí ní ìwò kan ṣoṣo, mo sì mu ún. Inú àmù ni Bọ́sẹ̀ ti bù ú fún gbogbo wa, bàbá mi mu tiwọn tán. Ó tutù débi pé eyín ro mí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n mú wa lọ kí bàbá ọkọ Ìyá Bọ́sẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ti ra iṣu rí lọ́nà ilé wa. Òun àti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, wọ́n wá a títí wọ́n fi rí ará Masífà kan tó ti kú, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń kẹ́dùn ẹ̀. A kí àwọn ìyàwó ilé. A kí ilé kejì. Bá a ṣe ní ká dìde, mo gbọ́ ọmọ odó lẹ́yìnkùlé: wọ́n ti ń gúnyán. Ta ló máa dìde lórí iyán? Bá a ṣe jẹ ẹ́ tán, àkókò àílà ti tó, wọ́n wá ẹní àti omi àlùwàlá fún bàbá mi. Lẹ́yìn ìrun, bàbá mi wo oòrùn, wọ́n ní ọ̀nà jìn, ká máa lọ.

Àǹtí bọ́ awò ojú wọn. "Omi yẹn ńkọ́, Bùrọ̀dá?"

Bàbá arúgbó ló dá wọn lóhùn. "Omi yẹn ò ní sá lọ, ọmọ mi. Ẹ ṣì máa tún wá."

Mo bú sẹ́kún. Mo fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nílé onílé. Ìyá mi gbá mi létí, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé. Bọ́sẹ̀ bá mi níbẹ̀, ó ní kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo ní omi tó ń já látòkè ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

"Ìyẹn náà ṣáà lo mu lẹ́ẹ̀kan. Níbi tó ti ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ ni mo ti ń pọn ọ́n láràárọ̀."

Ó gba ike ọwọ́ mi, ó bu omi àmù kún un.

Lójú ọ̀nà, Àǹtí ní kí bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan tí bọ́ọ̀sì bàbá mi máa ń kọjá lójoojúmọ́. Ibẹ̀ la ti jẹ asẹ́kẹ́ náà, ó ti fẹ́ẹ́ kan. "Omi ṣáà ni," ni Àǹtí wí. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nílé kéwú, Rámọ́tà ní, "Ṣé o rí i?"

"Mo mu ún."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o mu ún."

Mo na ike sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Omi àmù ni." Irọ́ kọ́ ló pa, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Láyé ìsìnyí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ta la mọ̀ níbẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi fóònù ṣètò ẹ̀, a wọ mọ́tò, a sanwó lẹ́nu géètì, a gòkè. Mo rí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dáa, ó ju bí Àǹtí ṣe sọ ọ́ lọ. Mo dúró lábẹ́ ẹ̀, mo pariwo, a ya fọ́tò, a mu omi inú ọ̀rá tá a rà wá láti Òṣogbo, a sọ̀ kalẹ̀, a wálé. Kò sẹ́ni tó gúnyán dè wá, kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Mo bu omi náà sínú ike, mo gbé e lọ fún bàbá mi. Wọn ò wa mọ́tò mọ́ báyìí, iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Wọ́n ní, "Ta lo kí níbẹ̀?"

"Mi ò kí ẹnì kankan, Bàbá."

"Ìyá Bọ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò yà níbẹ̀."

Wọ́n mi orí. "O ò tíì lọ nìyẹn."

Inú bí mi! Bàbá tí ò jẹ́ kí n rí omi yẹn nígbà tó yẹ kí n rí i! Mo dìde kí n fèsì, ni mo bá rántí pé mo dúró lábẹ́ omi yẹn, mo wẹ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ mi ò mu ún. Èyí tí Bọ́sẹ̀ bù fún mi nìkan ni mo ṣì mọ̀ lẹ́nu. Mo jókòó padà.

Bàbá mi ṣí ike náà, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dá a dúró lẹ́nu, wọ́n gbé e mì.

"Òun náà ni," ni wọ́n wí.